Ewé Gbòdògì Lára Òkúta

Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé elóbì kì í lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obì níbòmíràn. Hàmdálátù, ọmọ Alhaji Yésúfù tó ń ta gbànja ní Ṣàgámù, ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀wé kà. Wọn a bó obì, wọn a ṣà á, wọn a tẹ́ ewé gbòdògì sínú agbọ̀n, wọn a kó obì lé e, wọn a wọ́n omi sí i, wọn a sì fi ewé bò ó dáadáa kí atẹ́gùn má baà gbẹ ẹ́. Bí ewé bá rọ, wọn a pààrọ̀ rẹ̀. Obì tí wọ́n bá tọ́jú báyìí lè pẹ́ nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó sì máa dán síbẹ̀. Gbogbo èyí ni Hàmdálátù sá fún. Ó ní òun kò wá sáyé wá máa wọ́n omi sórí obì. Ó gba yunifásítì lọ, ó sì lọ kọ́ nípa òkúta.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ nílé pé òkúta lọmọ ń kà, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ó sú àwọn fúnra wọn. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ tó sọ agbọ̀n obì kalẹ̀ tó lọ gbé àpò òkúta, ṣé ó rò pé ẹrù òun fúyẹ́ ni? Ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé náà wá ń pẹ́ jù, ohun tó sọ ni pé bí kò bá parí lọ́dún yìí, kó padà wálé wá gba ìtajà obì, nítorí ara òun kò gba ọjà mọ́, àwọn ọmọkùnrin òun kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ojú àwọn àbúrò rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Alhaji Yésúfù kì í sì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ń dun òun fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Hàmdálátù ń ṣe náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Kúárì kan wà lẹ́yìn ìlú Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkúta mìíràn wà lórí èyí funfun yẹn, ó dúdú, ó sì rí pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ bí ewé inú ìwé. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni látijọ́, kí ènìyàn kankan tó wà láyé, kó tó wá gan di òkúta. Hàmdálátù a máa gé díẹ̀ nínú rẹ̀, a fi ásíìdì líle jẹ ẹ́ títí gbogbo ohun tó jẹ́ òkúta níbẹ̀ yóò fi yọ́ dànù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ló ń wá: lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, èérún ewé, èérún igi, àti èèpo àwọn ẹ̀dá inú òkun tí ojú lásán kò lè rí. Yóò kó wọn sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọn yóò sì máa jẹ́rìí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kìkì ẹ̀dá inú òkun ló pọ̀, òkun gbalasa ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ sì jìnnà sí i. Bó bá jẹ́ èérún ewé àti olu tíntìntín tó ń hù lára ewé jíjẹrà nínú igbó ló kún un, a jẹ́ pé odò kan ń ṣàn wọnú òkun nítòsí, igbó sì wà létí odò náà.

Nínú òkúta dúdú yìí, ìpele kan wà láàárín tó yàtọ̀ pátápátá. Olu tíntìntín kún inú rẹ̀ bámúbámú, àwọn kan rógódó, àwọn kan so kọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, awọ ewé sì wà láàárín wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwọlé, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, wò ó títí ó fi gbàgbé tíì rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní gbogbo àwọn tó ti kọ̀wé nípa ibẹ̀, òkun nìkan ni wọ́n ń sọ, kò sẹ́ni tó rí odò. Ó fi àwàdà sọ odò náà ní Odò Hàmdálátù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àpérò àwọn onímọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lórí rẹ̀. Yunifásítì ní bó bá ti lè gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, àyè olùkọ́ ti wà nílẹ̀ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ló kọ Hàmdálátù lóminú. Àwọ̀ àwọn olu náà mọ́ jù. Ohun tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ a máa pọ́n bí àgbàdo sísun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òkúta tiwa kò rì jìn débi tí ooru inú ilẹ̀ yóò ti sè é, nítorí náà nǹkan inú rẹ̀ kì í pọ́n púpọ̀. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí lára àwọn ìpele tó kù. Hàmdálátù gbà. Ohun tí ènìyàn ń fẹ́ kì í ṣòro fún un láti gbà gbọ́.

Nísinsìnyí, ibi tí ọ̀ràn wà rèé. Òrùlé yàrá tí wọ́n ń kó òkúta sí ní yunifásítì ti ń jò láti èṣí, wọ́n sì ní kí oníkálukú máa tọ́jú tirẹ̀ sílé títí yóò fi kàn án láti lo ásíìdì. Yàrá tí Hàmdálátù háyà ní Ìpẹ̀rú kò gba ju ibùsùn lọ. Ó kó àwọn àpò òkúta rẹ̀ wá sí Ṣàgámù, ó tò wọ́n sí igun ilé ìkóbìsí bàbá rẹ̀. Èyí tó kó ní èṣí, ibẹ̀ ló wà. Èyí tó kó lọ́dún yìí láti fi kún ẹ̀rí rẹ̀, ibẹ̀ náà ló kó o sí. Odindi òkúta kan péré ló kù tí àpò kò gbà. Ó fi náílọ̀nù wé e, ó ki í sínú páálí bàtà, ó sì tì í sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀. Kété lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ tó ni kúárì pa ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tì, òjò rọ̀, omi sì bo ìpele náà mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́ Sátidé kan tó kù díẹ̀ kó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ó wá sílé. Ó bá ìyá rẹ̀, Alhaja Kàdíjátù, lórí àpótí ìjókòó nínú ilé ìkóbìsí, tó ń kọrin jẹ́jẹ́. Agbọ̀n wà níwájú rẹ̀, igbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń tú ewé gbòdògì àtijọ́ kúrò, ó ń fi tuntun pọ́n ọn. Hàmdálátù sún mọ́ ọn láti bá a mú agbọ̀n náà. Kì í ṣe obì ló wà nínú ewé.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Òkúta wẹ ni mò ń tọ́jú," ni ìyá rẹ̀ fi Rẹ́mọ dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Dede wọn pátá ló ń sán nígbà tí o kó wọn dé. Mo ní ọyẹ́ á bà wọ́n jẹ́ tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ṣe tèṣí ni mo ṣe wọ̀nyí."

"Tèṣí?"

"Tèṣí ńkọ́? Ṣé wéè rí i bí wọ́n ti tutù nígbà tí o wá kó wọn ni? Àbí o rò pé òjò ló wọlé wá rọ̀ sí wọn lára?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tẹ ewé mọ́ ọn bí ẹni tẹ́ aṣọ fún ọmọ. "Mi è kàwé, ṣùgbọ́n nǹkan tó bá yẹ kó tutù, mo mọ̀ ọ́n."

Ara Hàmdálátù tutù ju òkúta ọ̀hún lọ. Ó rántí. Nígbà tó wá kó wọn ní èṣí, ó fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n rin, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé inú ilé ìkóbìsí ló tutù. Ewé ti lẹ̀ mọ́ ara àwọn kan nígbà náà, ó bó o dànù, ó rò pé àwọn ọmọ ilé ló fi wọ́n ṣeré. Ó yẹ kó ha ẹ̀yìn òkúta kúrò kó tó fọ́ ọ, ó sì ha á, ṣùgbọ́n òkúta pẹlẹbẹ ni. Omi ti gba àárín àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀ wọlé lọ, ohun tó wà nínú omi sì ti bá a wọlé.

Ó mú ewé gbòdògì kan nínú agbọ̀n, ó ní òun fẹ́ fi di ẹ̀kọ lọ́nà. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ láti àárín gbùngbùn odindi tó wà lábẹ́ ibùsùn, ó sì dá èyí tó kù padà sínú páálí. Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣan ewé náà sínú omi, ó gbé omi ọ̀hún sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n pé síbẹ̀. Èyí rógódó wà níbẹ̀, èyí tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀. Olu tó ń mú kí ewé bu ni, tó ń hù nínú gbogbo agbọ̀n obì ní Ṣàgámù. Igbó ńlá tí wọ́n tẹ̀ síwèé, inú agbọ̀n ìyá rẹ̀ ló ti hù. Nígbà tí ásíìdì sì jẹ èyí tó ṣẹ́ láti inú odindi gbígbẹ náà tán, kò rí olu kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ̀dá inú òkun ló kún un. Òkun gbalasa ni, kò sí odò, kò sí igbó.

Ẹ lè ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ kí ó sì parí. Ẹni tí kò bá mọ Alhaja Kàdíjátù ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hàmdálátù ṣì kéré, ọjà tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí Kano bu mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, odindi ẹrù. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé ní ọwọ́ Kàdíjátù ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dà bí àwàdà lẹ́nu wọn. Alhaji gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìkóbìsí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ọkùnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́. Láti ìgbà náà, bó bá tilẹ̀ wọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan obì; obìnrin tó mọ obì ju gbogbo wọn lọ ni wọ́n ń ní kó lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Òkúta ọmọ rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó o. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ó ti tún ba èyí náà jẹ́? Hàmdálátù sún un síwájú. Ó ní òun yóò sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Bó bá dákẹ́, yóò di olùkọ́, yóò sì máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní odò tí kò ṣàn rí títí yóò fi darúgbó. Bó bá sọ̀rọ̀, ọdún yóò parí mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ yóò sì ṣẹ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n láti jẹ́wọ́, ó bá a tó ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, nítorí yóò fẹ̀yìn tì láìpẹ́. Kó tó lanu, Ọ̀jọ̀gbọ́n na òòlù kékeré kan sí i, èyí tó ti fi ń fọ́ òkúta láti ìgbà èwe rẹ̀. "Èmi kò tún ní lò ó mọ́," ló wí. "Ẹni tó bá rí ohun tí àwa kò rí ló yẹ kó gbà á." Hàmdálátù kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó jáde pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí yóò gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ wá. Alhaji gbé agbọ̀n gbànja kékeré kan wá fún àwọn olùkọ́. Alhaja wé gèlè funfun, ó jókòó síwájú gan-an, kò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju ti ọjà lọ. Hàmdálátù sọ̀rọ̀ títí ó fi dé ìpele àárín, ohùn rẹ̀ ń lọ láìsí òun nínú rẹ̀. Nígbà náà ni Dókítà Bánkẹ́ Oyèkọ́lá, tí wọ́n pè wá láti yunifásítì mìíràn láti dán an wò, béèrè ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi gbogbo ènìyàn. Ó ní láti ìgbà tí òkúta náà ti kúrò ní kúárì títí dé inú ásíìdì, níbo ló wà?

Hàmdálátù dúró. Ó lè ní inú àpò tó mọ́ ni, wọn yóò sì kọjá síbi tó kàn. Ó wo iwájú, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń mi orí sí i, bí a ti ń mi orí sí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Kò mọ ìgbà tó lanu. Ó sọ fún wọn ní gẹ̀ẹ́sì pé ilé elóbì lòun kó o sí, pé omi àti ewé obì kàn án, pé olu orí ewé ni àwọn ń pè ní igbó. Ó ní òun ló gbé e síbẹ̀, òun ni kò wò ó dáadáa. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Kò sí odò kankan níbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláwọlé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan lára rẹ̀. Alhaji Yésúfù, tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tẹrí ba. Alhaja gbọ́ "Ṣàgámù," ó gbọ́ "ilé wa," ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ilé.

Àwọn olùkọ́ ní kí Hàmdálátù àti àwọn òbí rẹ̀ bọ́ síta díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é padà, Dókítà Oyèkọ́lá bi í bóyá èyíkéyìí kù tí omi kò kàn.

"Ó kù, mà. Odindi kan. Ó ti tó."

Wọ́n ní iṣẹ́ náà kò lè kọjá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó lọ tún ìpele náà ṣe látinú odindi yẹn, kó sì padà wá kí ọdún tó parí. Láìsí òkúta, wọ́n ní, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sínú ìwé oyè. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. "Mo ṣì lè bá ọ di àyè olùkọ́ yẹn mú títí òpin ọdún," ló wí. "Gbé òkúta náà wá fún mi lọ́jọ́ Ajé, kó tó di pé nǹkan tún ṣe é." Omijé bọ́ lójú Hàmdálátù. Ó ti rò pé òun yóò jáde bí ẹni tí wọ́n lé, wọ́n sì ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ fún un.

Nínú mọ́tò, bàbá rẹ̀ ń wakọ̀. Ìyá rẹ̀ yíjú padà sí i lẹ́yìn.

"Kí ni obìnrin yẹn bi wẹ́ tí o fi dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní báwo la ṣe tọ́jú òkúta, Màámi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí lo wí?"

Ojú Hàmdálátù àti ti bàbá rẹ̀ pàdé nínú jígí mọ́tò. "Mo ní ilé wa ló wà."

Alhaja pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Wọ́n á ti rí i pé a kò fi ṣeré. Alhaji, ẹ gbọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n á béèrè." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá ọmọ rẹ̀ létí orúnkún. "Wéè tíì gbọ́ ìyókù. Lánàá ni mo gbá yàrá wẹ, nítorí àlejò á yà kí wẹ lónìí. Mo gbálẹ̀ dé abẹ́ ibùsùn, mo bá páálí bàtà. Ìkan rè é tí o gbàgbé! Ó ti gbẹ, ó ti sán, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rẹ ẹ́ sínú omi nínú bèsìnì. Àárọ̀ yìí tí mo máa wò ó, ó ti yọ́ bí ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n má ṣèyọnu, mo gbá dede rẹ̀ jọ, mo pọ́n ọn sínú gbòdògì tuntun. Éè dànù rárá. Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

Alhaji Yésúfù ya sí etí títì, ó dúró. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kò sì yíjú. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń kọjá lọ sí Ògèrè, mọ́tò wọn ń mì. Ẹrẹ̀ ni òkúta náà tún padà dà, ẹrẹ̀ tí ewé ti kàn. Kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé.

"Kí ló dé tí a dúró?" ni Alhaja béèrè.

Alhaji ń wo ọmọ rẹ̀ nínú jígí, ó ń dúró de ohun tí yóò sọ. Òòlù Ọ̀jọ̀gbọ́n wúwo nínú báàgì lórí itan Hàmdálátù. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ṣì wà lórí orúnkún rẹ̀. Omi ewé ti kun àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì ń rùn bí ilé ìkóbìsí ní àárọ̀.

"Ẹ ṣé, Màámi," ló wí. "Ẹ ṣé gan-an."

Bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó tún tan mọ́tò, wọ́n sì gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ, sí ilé obì.